Ìlera Àjùmọ̀ní: Ìtàn Bí Àwọn Yunifásítì Ṣe Kó Oníṣègùn Ènìyàn àti Oníṣègùn Ẹran Jọ Sínú Kíláàsì Kan

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Àwa olùkọ́ sábà máa ń fi òwe yìí kọ́ ọmọ pé ọ̀rọ̀ aládùúgbò kan ẹni. Ṣùgbọ́n bí a bá tún un wò dáadáa, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ ìlera gan-an ni àwọn àgbà fi ṣe àpèjúwe. Ohun tí ẹnì kan mú jẹ ni ó di àìsàn sí i lára, àìsàn ẹnì kan náà ni ó sì di wàhálà gbogbo ilé. Kòkòrò wà nínú òwe náà, ènìyàn wà níbẹ̀, ilé tí gbogbo wọn jọ ń gbé sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ sọ ìtàn bí àwọn yunifásítì kan ní ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà ṣe para pọ̀ láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ tí ó so ìlera ènìyàn, ìlera ẹran àti ìlera àyíká pọ̀ mọ́ra wọn. One Health ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìmọ̀ yìí. Bí a bá tú u ní olówuuru, ‘ìlera kan’ ni yóò já sí. Ẹni tí ó bá sì gbọ́ ‘ìlera kan’ lè máa béèrè pé ìlera wo nìyẹn. Nítorí náà, a ó máa pè é ní ‘ìlera àjùmọ̀ní’, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé ilẹ̀ kan jẹ́ àjùmọ̀ní ẹbí: kò sí ẹni tí ó lè dá a tà, bí a bá sì bà á jẹ́, gbogbo ẹbí ni ó pàdánù. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ orúkọ yìí níwájú, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ tiwa wà.

Bí Oníṣègùn Ènìyàn àti Oníṣègùn Ẹran Ṣe Pínyà

Kò sí ẹni tí ó jókòó ní ọjọ́ kan tí ó pàṣẹ pé kí oníṣègùn ènìyàn àti oníṣègùn ẹran má mọ ara wọn mọ́. Ìmọ̀ ni ó ń pọ̀ sí i, tí ó sì ń pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ní ọdún 1761, Claude Bourgelat dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran sílẹ̀ ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, ní àkókò tí àrùn ń pa màlúù ní ìpakúpa ní Yúróòpù. Ilé ẹ̀kọ́ náà ṣe oore púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí irú rẹ̀ ti ń pọ̀ káàkiri, ẹni tí ń tọ́jú ènìyàn ń gba ọ̀nà tirẹ̀, ẹni tí ń tọ́jú ẹran ń gba tirẹ̀, oyè wọn yàtọ̀, ìwé wọn yàtọ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń sìn náà sì yàtọ̀.

Àwọn kan rí ewu yìí. Ọ̀kan nínú wọn ni Rudolf Virchow, dókítà ará Jámánì tí ó gbé ayé láàárín 1821 àti 1902. Virchow ṣe ìwádìí nípa aràn tí ń gbé inú ẹran ẹlẹ́dẹ̀, tí ó sì ń ti ibẹ̀ wọ ara ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ láìjinná. Èrò rẹ̀ ni pé kò sí ààlà láàárín ìṣègùn ènìyàn àti ìṣègùn ẹran, àti pé kò yẹ kí ó wà. Òun ni ó ṣẹ̀dá orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe àrùn tí ń ti ara ẹran bọ́ sí ara ènìyàn títí di òní.

Ẹni kejì tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé ni Calvin Schwabe (1927–2006), oníṣègùn ẹran ará Amẹ́ríkà, tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Kalifọ́níà tí ó wà ní Davis. Ní ọdún 1964 ni ó gbé ìwé rẹ̀ lórí ìṣègùn ẹran àti ìlera ènìyàn jáde. Ohun tí ó yẹ kí ó dùn mọ́ wa nínú ìtàn rẹ̀ ni pé ó ṣiṣẹ́ láàárín àwọn Dinka, darandaran ilẹ̀ Sudan, ó sì rí i pé ẹni tí ó mọ ìtọ́jú màlúù láàárín wọn ni ó mọ ìtọ́jú ènìyàn. Ohun tí yunifásítì ti pín sí méjì, abúlé Dinka kò tíì pín in. Nígbà tí a bá gbọ́ nígbà náà pé ìmọ̀ yìí jẹ́ ohun tuntun tí Òyìnbó gbé dé, ó yẹ kí a rántí pé lára ọ̀dọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú ni Òyìnbó náà ti rí i kọ́.

Ẹ̀kọ́ tí Nipah Kọ́ Ayé

Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó láti kó àwọn ọ̀mọ̀wé jọ. Ìyà ni ó kó wọn jọ. A ó mú àpẹẹrẹ kan tí ó ṣe kedere.

Ní apá ìparí ọdún 1998, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn ní agbègbè ìlú Ipoh ní ilẹ̀ Malaysia. Ibà líle á kọ́kọ́ mú wọn, lẹ́yìn náà ọpọlọ wọn á wú, ọ̀pọ̀ á sì dákú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera rò pé àrùn ọpọlọ kan tí ẹ̀fọn máa ń gbé kiri ní ilẹ̀ Éṣíà ni. Wọ́n fín oògùn ẹ̀fọn, wọ́n sì gún àwọn ènìyàn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ṣùgbọ́n ikú kò dáwọ́ dúró. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun kan wà tí ó yẹ kí ó ti la ojú wọn. Àwọn àgbàlagbà ọkùnrin tí ń ṣiṣẹ́ ní oko ẹlẹ́dẹ̀ ni àrùn náà ń mú jù. Àwọn aládùúgbò wọn tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, tí kì í fọwọ́ kan ẹlẹ́dẹ̀, kò fara kó o tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fọn kì í sì í béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹni kí ó tó jẹ ẹ́.

Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà ti ń wúkọ́. Ẹni tí ó mọ̀ nípa ẹlẹ́dẹ̀ kò sí nínú yàrá tí wọ́n ti ń jíròrò nípa ènìyàn. Ní oṣù kẹta ọdún 1999 ni wọ́n tó rí kòkòrò àrùn náà gan-an mú ní Yunifásítì Malaya. Wọ́n fi orúkọ abúlé Sungai Nipah pè é. Kí àjàkálẹ̀ náà tó dáwọ́ dúró, ènìyàn 265 ni ó ti mú, 105 nínú wọn sì kú. Ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n pa lé ní mílíọ̀nù kan.

Níbo ni ẹlẹ́dẹ̀ ti kó o? Lára àdán ni. Àwọn àgbẹ̀ ti gbin igi eléso bíi máńgòrò yí ibùso ẹlẹ́dẹ̀ ká kí èrè wọn lè di ọ̀nà méjì. Àdán ń wá jẹ èso lórí igi, èyí tí ó bá jẹ kù á bọ́ sílẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ á sì jẹ ẹ́ mọ́ itọ́ rẹ̀. Báyìí ni igi, àdán, ẹlẹ́dẹ̀ àti ènìyàn ṣe di ẹ̀wọ̀n kan náà. Dókítà ènìyàn nìkan kò lè rí gbogbo ẹ̀wọ̀n náà, oníṣègùn ẹran nìkan kò lè rí i, ẹni tí ó mọ̀ nípa igbó nìkan kò sì lè rí i.

Bí Àwọn Yunifásítì Ṣe Para Pọ̀

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2004, àwọn onímọ̀ pàdé ní ìlú New York, wọ́n sì fi ìlànà 12 lélẹ̀ lórí bí ìlera ènìyàn, ti ẹran ọ̀sìn àti ti ẹranko ìgbẹ́ ṣe jẹ́ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìlànà kò lè ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ta ni yóò máa fi í ṣiṣẹ́ bí kò bá sí ẹni tí a kọ́ ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè yìí ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì.

Ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ilé ẹ̀kọ́ ìlera gbogbogbòò méje ti para pọ̀ láti ọdún 2005. Ní ọdún 2009, àjọ USAID ti ìjọba Amẹ́ríkà dá ètò kan sílẹ̀ lórí àwọn àrùn tuntun tí ó lè di àjàkálẹ̀. Pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó ètò náà, àti ìmọ̀ràn Yunifásítì Minnesota àti Yunifásítì Tufts, àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìlera méje yìí bá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran méje ṣe àdéhùn ní ọdún 2010. OHCEA ni wọ́n pe ẹgbẹ́ náà. Orílẹ̀-èdè mẹ́fà ni ó kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀: Kóńgò tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Kinshasa, Ethiopia, Kenya, Rwanda, Tanzania àti Uganda. Ìlú Kampala, níbi tí Yunifásítì Makerere wà, ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó. Ní ọdún 2011, àwọn yunifásítì Indonesia, Malaysia, Thailand àti Vietnam dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Éṣíà. SEAOHUN ni orúkọ rẹ̀. Malaysia tí Nipah ti bá jà wà lára àwọn tí ó pilẹ̀ rẹ̀, èyí kò sì yẹ kí ó yà wá lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí bí wọ́n ṣe dọ́gba iye ilé ẹ̀kọ́ ní OHCEA: méje fún ènìyàn, méje fún ẹran. Àwa tí a ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ mọ ìdí irú ètò bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀ka kan bá pọ̀ ju èkejì lọ nínú ìgbìmọ̀, òun ni yóò máa pàṣẹ, èkejì yóò sì di ọmọ ọ̀dọ̀.

Kí ni wọ́n wá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́? Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ sọ dókítà ènìyàn di dókítà ẹran. Oníkálùkù ń gba oyè tirẹ̀. Ohun tí wọ́n fi kún un ni ìmọ̀ bí a ti ń bá ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa ṣiṣẹ́: bí a ti ń gbọ́ra wa yé, bí a ti ń ṣe olórí láìjẹgàba, bí a ti ń mọ àṣà àwọn tí a fẹ́ ràn lọ́wọ́. Wọ́n ń kó akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ti ìṣègùn ẹran, ti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti ti ìmọ̀ àyíká jáde papọ̀ lọ sí ìgbèríko. Wọ́n á jọ wo omi tí àwọn ará ibẹ̀ ń mu, wọ́n á jọ wo ẹran tí wọ́n ń sìn àti àìsàn tí ó ń ṣe wọ́n, lẹ́yìn náà wọ́n á jọ kọ ìròyìn kan ṣoṣo. Ìròyìn kan ṣoṣo yìí ni ọkàn iṣẹ́ náà, nítorí ó fi ipá mú wọn láti fohùn ṣọ̀kan.

Ìṣòro kò ṣàì wà. Àkókò ìdánwò ẹ̀ka kan lè má bá ti èkejì mu. Ó ṣòro láti mọ ẹ̀ka tí yóò fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì fún iṣẹ́ tí ẹ̀ka mẹ́rin jọ kọ́ ọ. Ẹni tí ó sì kẹ́kọ̀ọ́ jáde lè dé ibi iṣẹ́ kí ó bá ilé iṣẹ́ ìjọba méjì tí kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ iṣẹ́ náà ń gbèrú. Àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bíi Senegal, Liberia àti Côte d’Ivoire dara pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni Cameroon. Ní ọdún 2020, ẹgbẹ́ náà yí orúkọ rẹ̀ padà sí AFROHUN, kí ó lè hàn pé Áfíríkà lápapọ̀ ni ó ń fojú sùn.

Ti Ìbàdàn àti Zaria

Ní ilẹ̀ tiwa, ọ̀nà mìíràn ni irú ẹ̀kọ́ yìí gbà dé. Ó yẹ kí a sọ ọ́, kí àwọn ọmọ wa má baà rò pé ẹ̀yìn odi nìkan ni ìtàn wà.

Ìwádìí nípa àrùn tí ń ti ara ẹran wá kì í ṣe àjèjì ní Ìbàdàn. Ní àwọn ọdún 1960, Yunifásítì Ìbàdàn ní ilé ìwádìí kòkòrò àrùn tí àjọ Rockefeller ràn lọ́wọ́. Ní ọdún 1968 ni àwọn onímọ̀ rí kòkòrò àrùn kan lára asín, tí ó jẹ́ ìbátan kòkòrò tí ń fa dìgbòlugi. Mọ́kọ́lá ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, àdúgbò kan náà tí gbogbo ará Ìbàdàn mọ̀. Títí di òní, orúkọ Mọ́kọ́lá wà nínú ìwé ìṣègùn káàkiri àgbáyé, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó ń gba Mọ́kọ́lá kọjá lójoojúmọ́ kò mọ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 2006, àrùn ọ̀fìnkìn adìẹ tí ń pani bẹ́ sílẹ̀ ní oko adìẹ kan ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n rí i ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2007, ó pa obìnrin kan ní Èkó. Ọ̀ràn náà fi hàn pé ẹni tí ń tọ́jú adìẹ àti ẹni tí ń tọ́jú ènìyàn ní láti jọ jókòó. Ní ọdún 2008, ìjọba àpapọ̀, pẹ̀lú àjọ CDC ti Amẹ́ríkà, dá ètò kan sílẹ̀ láti kọ́ àwọn olùtọpinpin àrùn. Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Ahmadu Bello tí ó wà ní Zaria ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ náà pín sí: títọpinpin àrùn láàárín ìlú, iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò, àti títọpinpin àrùn ẹran. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ìlera àti èyí tí ń bójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n jọ ni ín.

Ní ọdún 2010, òjé pa àwọn ọmọdé tí ó lé ní 400 ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta láti wá wúrà nínú agbo ilé. Àwọn ará abúlé ti rí i pé pẹ́pẹ́yẹ wọn ń kú. Bí ẹnì kan bá ti ka ikú pẹ́pẹ́yẹ sí ìròyìn, bóyá àwọn ọmọ kan ì bá má kú.

Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan gbé àrùn Èbólà wọ Èkó láti Liberia. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ láti jẹ́ kí ó kúrò ní ilé ìwòsàn, òun fúnra rẹ̀ sì bá a lọ ní oṣù kẹjọ. Lára àwọn tí ó ń tọpasẹ̀ àwọn tí ó ti fara kan aláìsàn ni àwọn tí ètò Ìbàdàn àti Zaria ti kọ́. Nǹkan bí 900 ènìyàn ni wọ́n ń ṣọ́, nǹkan bí ìgbà 18,500 sì ni wọ́n kan ilẹ̀kùn wọn. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ níbí. Bí a bá rántí bí èrò ti pọ̀ tó ní Èkó, a ó mọ̀ pé kì í ṣe oríire lásán.

Iṣẹ́ Wa Gẹ́gẹ́ bí Olùkọ́ Èdè

Òǹkàwé lè bi wá pé, kí ni èyí kàn olùkọ́ Yorùbá? Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí a ti ń sọ láti òkè wá, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọ jù. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn 18,500 tí wọ́n kàn, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sọ nídìí gbogbo rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014 kan náà, ìròyìn tàn kálẹ̀ pé omi iyọ̀ ni oògùn Èbólà. Àwọn ènìyàn fi wẹ̀, wọ́n mu ún, ó sì gbé àwọn kan dé ilé ìwòsàn. Àwọn mìíràn ń wá orógbó kiri. Èdè ni irọ́ náà gùn bí ẹṣin. Òtítọ́ kò rí ẹṣin gùn, nítorí pé àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kò ní ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi sọ ọ́.

Àwa tí a ti ń yẹ ìwé ìdánwò wò mọ àìsàn yìí. Ọmọ á kọ àròkọ lórí ìmọ́tótó, Yorùbá rẹ̀ á dùn bí oyin, ṣùgbọ́n bí ó bá dé ibi orúkọ àrùn, á ki Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ dìgbòlugi wà, tí ó jẹ́ pé bí a bá gbọ́ orúkọ náà lásán, ojú ẹni á rí ajá tí kò mọ̀nà mọ́, tí ó ń fi ara lu igi. Sọ̀bìà wà. Àjàkálẹ̀ wà. Ibi tí kò sí ni ó yẹ kí a ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a gbé orúkọ tí Virchow ṣẹ̀dá yẹ̀ wò. Àwọn kan ń pè é ní ‘àrùn tí ẹran ń kó ran ènìyàn’. Ó yéni, ṣùgbọ́n kò pé, nítorí pé ènìyàn náà lè kó àrùn ran ẹran. Ó tún dá ẹran lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹlẹ́dẹ̀ Malaysia kò gbin igi máńgòrò fúnra rẹ̀. A dábàá ‘àrùn àjọpín’. Bí ìlera bá jẹ́ àjùmọ̀ní, àrùn yóò jẹ́ àjọpín. Ọ̀rọ̀ kìíní á máa ṣàlàyé èkejì. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn àgbà wa nínú iṣẹ́ yìí jókòó, wọ́n sì ṣe èdè-ìperí fún gírámà àti lítíréṣọ̀, tí a fi ń kọ́ni títí di òní. Kò sí ohun tí ó ní kí a má ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìlera, bí a bá lè pe àwọn oníṣègùn jókòó tì wá.

Ìkádìí

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó wúwo. Owó Amẹ́ríkà ni ó gbé púpọ̀ nínú iṣẹ́ àwọn yunifásítì wọ̀nyí ró láti ọdún 2009. Ní ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà fòpin sí iṣẹ́ àjọ USAID, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní oṣù keje ọdún náà. Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ẹni mu. Ọgbọ́n tí owó náà fi kọ́ àwọn ènìyàn kò bá a lọ, nítorí pé orí àwọn ènìyàn ni ó wà. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó bá dúró sí yunifásítì nìkan, bí owó bá ti tán, òun náà á tán díẹ̀díẹ̀.

Ibi tí kì í tètè tán sí ni èdè. Bí ọmọ kan ní Ìṣẹ́yìn tàbí ní Ìkàrẹ́ bá rí adìẹ mẹ́wàá tí ó kú lọ́jọ́ kan, tí ó sì ní ọ̀rọ̀ ní ẹnu láti fi sọ ohun tí ó rí àti ìdí tí ó fi yẹ kí a pe ẹnì kan, a ti ní òṣìṣẹ́ kan tí ìjọba kankan kò sanwó fún. Kí a kọ́ ọ ní òwe hẹ̀rẹ̀huru, kí a sì kọ́ ọ ní ohun tí ó wà nídìí rẹ̀: pé sísọ fún ará ilé náà ni ìṣègùn àkọ́kọ́.